Ẹni Tí Mo Ń Pe Orúkọ Rẹ̀ Lóru

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ nǹkan lórí àánú onígbàgbọ́ sí ọmọnìkejì, ohun tí mo kọ́kọ́ jókòó kọ ni àlàyé lórí Ìwé Mímọ́, irú èyí tí àwa tí a ti pẹ́ nídìí ẹ̀kọ́ máa ń fẹ́ràn láti kọ. Mo kọ ojú ewé méjì, mo sì fà á ya. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìlú Ọ̀fà ni a bí mi sí ní 1956. Èlùbọ́ àti gààrí ni ìyá mi ń tà. Wọn kò kọjá ìwé kejì ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ Bíbélì kà, wọ́n sì mọ àdúrà gbà. Aago mẹ́rin òru ni wọ́n máa ń dìde. Wọn a tan àtùpà, wọn a yí iná rẹ̀ wálẹ̀ nítorí àwa ọmọ tí a sùn sórí ẹní, wọn a jókòó sórí àpótí, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Kì í ṣe orúkọ tiwa nìkan. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé ìsọ̀ wọn lọ́jà ni wọ́n máa ń pè é lọ: ilé tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ilé tí ó wà lọ́wọ́ òsì, alágbẹ̀dẹ tí ó wà ní ìkóríta, àlùfáà tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ìyàwó rẹ̀ tí kò tíì rí ọmọ bí, aláró, alákàrà. Bí ẹni tí ń rìn lọ ni wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Bí oorun bá dá lójú mi, mo máa ń mọ ibi tí wọ́n dé. Bí ó bá jẹ́ orúkọ alágbẹ̀dẹ ni mo gbọ́, mo mọ̀ pé ilẹ̀ kò tíì fẹ́ mọ́, mo sì lè padà sùn.

Ní 1966, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ti ìyá mi tú u káàkiri ọjà pé wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọn wọnú kí gààrí tí yóò gbà lè dín. Ẹni tí ó bá mọ ọjà mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀. Oníbàárà tí ó ti ń yà lọ́dọ̀ wọn láti ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ láìwo ẹ̀gbẹ́. Ní nǹkan bí oṣù méjì, àwa ọmọ mọ̀ ọ́n lára nínú ọbẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ obìnrin yìí kò kúrò nínú àdúrà òru. Ibi tí ó ti máa ń wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn alákàrà, ibẹ̀ náà ni ó wà. Wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wú lọ sílẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ kùsà ní Jọ́ọ̀sì fi ìwé ránṣẹ́ sí i.

Inú bí mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bi wọ́n pé, "Ìyá, ṣé ẹ kò mọ ohun tí ó ń sọ kiri nípa yín ni?"

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tí mo fi ń gbé e lọ síwájú Ọlọ́run, n kò lè tún fi fún un lọ́rùn." Wọ́n sì ní kí n tètè lọ pọn omi kí ilé ìwé tó wọlé.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ọmọdé ti í fi ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀. Mo kàwé, mo di olùkọ́, mo gbéyàwó, mo di ẹni tí a ń pè kí ó wá gbàdúrà níbi ìkómọ àti ìsìnkú. Ní 1996 ni ọ̀rọ̀ ìgbéga mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́jú pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. (Kì í ṣe èyí tí ń tẹ ìwé yìí jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa wá ẹni tí kò sọnù.) Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tí fáìlì gbogbo wa wà níkàáwọ́ rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ náà ní ibi tí mo ti ń dá a, ibẹ̀ sì tó o.

Ìgbà mẹ́ta ni mo kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ìgbà mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù sọnù. Bí mo bá lọ bi í, yóò gbójú sókè, yóò wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí láyé, yóò sì ní, "Ẹ padà wá lọ́la." Ìwò yẹn dùn mí ju fọ́ọ̀mù lọ. Àwọn tí mo kọ́ ní ọ̀nà kíkọ ewì kọjá mi, wọ́n gba yàrá iṣẹ́ tí ó tóbi ju tèmi lọ, wọ́n sì ń kí mi pẹ̀lú irú ọ̀wọ̀ tí a fi ń kí ẹni tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí. Mo gbà pé ọkùnrin náà ń dúró de owó lọ́wọ́ mi ni. Mo sì pinnu pé n kò ní fún un ní kọ́bọ̀. Iwájú Ọlọ́run ni a ó ti yanjú rẹ̀.

Mo ra àbẹ́là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní òru, mo ń ka Sáàmù 109, mo sì ń fi orúkọ akọ̀wé náà há a láàárín bí ẹni ń fi ata há àkàrà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: àdúrà náà dùn mọ́ mi. Kò sí àdúrà tí ó rọrùn bí èyí tí a fi ń bá ẹni tí a kórìíra jà. Oorun kì í wá, ọkàn kì í rìn gbéregbère, ohùn kì í há. Èmi tí mo máa ń tòògbé bí mo bá ń gbàdúrà fún ìjọ, mo lè dúró ní wákàtí méjì lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan. Ó yẹ kí èyí fu mí lára, ṣùgbọ́n agbára ìgbàgbọ́ ni mo pè é.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998, nínú ọyẹ́, a gbọ́ pé akọ̀wé náà ṣubú sínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà nígbà tí ó ń re ilé lálẹ́, ó sì ṣẹ́ lápá. Mo yọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀fà láti lọ jẹ́rìí fún ìyá mi. Wọ́n ti dàgbà gan-an nígbà náà, wọ́n sì ti fi ọjà sílẹ̀. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń yan lórí àtẹ. Mo rò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní:

"Apá wo ni ó ṣẹ́?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Kí ni ó ṣe é tí kò fi rí kòtò?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ọmọ mélòó ni ó bí?"

N kò mọ̀.

Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí àtẹ. Wọ́n ní, "Ta ni o wá ń gbàdúrà lé lórí láti ọjọ́ yìí?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́. Wọ́n pè é wò lẹ́nu, bí wọ́n ti máa ń ṣe sí orúkọ tuntun, mo sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Èmi tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni mo ń ṣe, inú ọkọ̀ ìpadàbọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tí a ń lò lójoojúmọ́: ìyọ́nú. Inú tí ó yọ́ ni. Ẹ wo bí àwọn baba wa ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọn kò sọ pé inú tí a rọ̀, tàbí inú tí a pàṣẹ fún. Ní agbègbè wa yìí tí igi emi pọ̀ sí, kò sí ọmọdé tí kò mọ bí òrí ti ń yọ́. Bí o bá òrí wí títí di alẹ́, gbagidi ni yóò dúró. Bí o bá fi òòlù lù ú, yóò fọ́, ṣùgbọ́n fífọ́ kì í ṣe yíyọ́. Àfi kí o gbé e sí ibi tí oòrùn wà, kí o sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ó gbọ́ èdè Gíríìkì sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tí Lúùkù lò fún ohun tí ó ṣe ará Samáríà nígbà tí ó rí ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù, láti ara orúkọ ìfun àti ẹ̀dọ̀ ni ó ti wá. Inú náà ni wọ́n ń sọ. Nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí tí odidi rẹ̀ fi parí ní 1884, ọ̀rọ̀ àánú ni a lò níbẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, inú tí ó yọ́ ni n ó mú.

Bóyá kí n fi gbólóhùn kan bá àwa onígbàgbọ́ ilẹ̀ yìí wí níhìn-ín. Ní 1918, nígbà tí àrùn lukulúkú jà káàkiri ayé tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọmọ ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Láti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Aládùúrà ti hù. Ẹkún lórí ẹlòmíràn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá fetí sí àdúrà òru wa lónìí, kí ẹ ka iye ìgbà tí a dárúkọ ọ̀tá, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí a dárúkọ aládùúgbò. Èmi kò lè bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí àbẹ́là mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.

Mo padà sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Bóyá mo rò pé n ó sunkún. Kò sí nǹkan tí ó jọ ọ́. Òru mẹ́sàn-án ni mo fi sọ pé, "Olúwa, ṣàánú fún akọ̀wé," bí ẹni tí ń gbé òògùn kíkorò mì. Ẹnu ni, kì í ṣe inú. Oorun padà wá. Ọkàn mi padà ń rìn gbéregbère. Lẹ́yìn gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, n kò ní ohun mìíràn láti sọ, nítorí n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí ni kí n bẹ Ọlọ́run fún? Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí ìyá mi ń ṣe láàárín ọjà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹsẹ̀ tí ó wú, ọmọ tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì: ẹni kan ni wọ́n bi léèrè. Àdúrà òru wọn, ọ̀sán ni wọ́n ti ń wá a.

Mo ra mílíìkì àti búrẹ́dì, mo bèèrè ọ̀nà, mo sì lọ sí ilé akọ̀wé náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé. N kò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, nítorí mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kékeré kan tí ń kàwé sókè, mo sì dúró kí ó parí. Ohun tí ó ń kà kì í ṣe ìwé ilé ìwé. Orúkọ ni. Orúkọ àwa olùkọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí a gbà wá síṣẹ́. Mo yọjú wọlé. Akọ̀wé náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú apá òsì tí wọ́n dì, òkìtì fáìlì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ náà kúnlẹ̀ láàárín wọn. Ó kọjú sí mi tààrà, ó sì ní, "Ta nìyẹn?"

Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ó ku mẹ́rin kí ó pé márùndínlógójì tí ó lè fẹ̀yìn tì, ó sì bẹ̀rù pé bí wọ́n bá mọ̀ wọn yóò lé e. Nítorí náà ó ń kó fáìlì wálé ní alẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ìwé márùn-ún lè kà á fún un. Èyí tí ọmọ náà kò lè kà, tàbí tí oorun gbé e lọ lórí rẹ̀, wọn a tì í sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tèmi wà níbẹ̀. Mo rí orúkọ mi láti ibi tí mo dúró sí. Fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, èyí tí ó wà lókè sì ti ta epo.

N kò ní parọ́ fún yín pé inú mi yọ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ọdún méjì tí ó ti lọ. Nǹkan kejì ni pé ìwò tí mo rò pé ó jẹ́ ìgbéraga, kò rí mi ni. Mo jókòó sórí àga. Mo gbọ́ ara mi tí mo ń sọ pé, "Ẹ kú ìrora apá, Bàbá." Ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí dáadáa yóò ti rí i pé láti òkè ni mo ti ń pe ẹni tí ó ju mí lọ ní ọdún mẹ́tàlá ní "ó". Bí mo ti ń pè é níwájú Ọlọ́run náà nìyẹn. Nínú àdúrà òru ọjọ́ náà ni mo ṣàkíyèsí pé ó ti di "wọ́n". Èmi kọ́ ni mo yí i padà. N kò sì lè yí i padà sẹ́yìn mọ́.

Wọ́n ní kí n má sọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àánú ni kí a bo nǹkan mọ́lẹ̀. Fáìlì mi nìkan kọ́ ni ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn orúkọ tí ọmọ náà kà. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹ̀yìn tì ní ọdún tí ó kọjá láìgba ipò tí ó tọ́ sí i, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì kéré títí ayé. Bí mo bá ní ẹ̀tọ́ láti dárí ti èmi jì, ta ni ó fún mi ní àṣẹ láti dárí ti ọkùnrin yẹn jì? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú Ọlọ́run. N kò gbọ́ ohùn kankan. Ohun tí mo rí gbà kò ju pé n kò lè fi ìbínú sọ ọ́ mọ́, n kò sì lè fi ẹ̀rù pa á mọ́. Mo padà lọ, mo sì sọ fún wọn pé àwa méjèèjì ni a ó jọ lọ bá ọ̀gá, pé n ó dúró tì wọ́n, ṣùgbọ́n a ó lọ. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ fúnra mi. Kí ẹ mú mi dé ẹnu ọ̀nà."

Wọn kò lé wọn. Wọ́n gbé wọn lọ sí ibi tí a ti ń gba àlejò, níbi tí ohùn ti wúlò ju ojú lọ. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìlọrin, dókítà sọ pé àrùn tí a ń pè ní glaucoma ni: agbára omi inú ẹyinjú a máa ga ju bí ó ti yẹ lọ, a sì máa pa iṣan tí a fi ń ríran láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, láìsí ìrora, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń ṣe kì í tètè mọ̀. Èyí tí ó bá ti pa kì í padà. Ojú òsì ti lọ pátápátá. Wọ́n fi òògùn tí a ń kán sójú dá ìyókù ti ọ̀tún dúró. Bí a bá ti tètè mọ̀, a ì bá gbà á là. Ọdún méjì tí mo fi ń tan àbẹ́là, ojú yẹn ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń kú díẹ̀díẹ̀.

Ìgbéga mi jáde ní 2000. Owó tí ó ti kọjá kò padà wá, mo sì máa ń rántí rẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá bí owó ilé ìwé àwọn ọmọ bá dé. Ìbínú náà kò kú tán. Bí ó bá ti yọjú, mo máa ń mú un lọ sí ibi tí oòrùn wà.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo ka ìwé kékeré kan tí Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ ará Jámánì tí ìjọba Hitler pa ní 1945, tẹ̀ jáde ní 1939 lórí ìgbé ayé àjùmọ̀gbé àwọn onígbàgbọ́. Ó wí níbẹ̀ pé ẹni tí mo bá ń gbàdúrà fún, n kò lè kórìíra rẹ̀ mọ́, wàhálà yòówù tí ó lè kó bá mi. Mo ka ibẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní ó dára, ṣé ó ti tà ní ọjà rí ni?

Akọ̀wé náà fẹ̀yìn tì ní 2002. Mo lọ kí wọn ní ọjọ́ kejì. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì ti ń jí sí ìrun àsùbáà láti ìgbà èwe. Wọ́n ní láti ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń ṣe àdúrà fún mi lẹ́yìn ìrun, ṣùgbọ́n pé nǹkan kan ń dùn wọ́n: orúkọ tèmi nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ ọmọ ta ni wọ́n ń pè é. Mo sọ fún wọn pé ìyá mi wà láàyè ní Ọ̀fà, àti pé orúkọ tiwọn náà ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run láti ibẹ̀ ní aago mẹ́rin òru. Wọ́n ní, "Kí ni orúkọ wọn?" Mo sọ ọ́. Wọ́n pè é wò lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì yíjú sí ibi tí ọmọbìnrin wọn jókòó sí, wọ́n ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.